Ẹ yẹ táyà wò kí ẹ tó háyà mọ́tò lọ sí Ìkógòsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ wa tó ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ yóò sì máa háyà mọ́tò ní Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì láti kó ẹbí lọ wo omi gbígbóná ní Ìkógòsì. Bí ọjọ́ náà bá dàrú, wọ́n á ní èrò ló pọ̀. Èrò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ọ̀pọ̀ wọn ti ba ìrìn àjò náà jẹ́, níbi tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí wọn ò yẹ̀ wò.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin kan níparí. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má wo bó ṣe ń dán. Dúdú tí wọ́n fi kùn ún kì í sọ ọjọ́ orí táyà. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní mọ́tò mìíràn. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ óò rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tó sọ iye tó yẹ. Mọ́tò kékeré sábà máa ń gba 30 sí 35 PSI, ìyẹn òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà. Àárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí bí mọ́tò bá ti rìn, táyà á gbóná, géèjì á sì gbé e sókè. Àwọn fọkanáísà kan a máa fún un dé 45, wọ́n á ní kó lè gbé ẹrù. Táyà tó le gbandi bẹ́ẹ̀ kì í di ọ̀nà mú bí ilẹ̀ bá tutù, bó bá sì já sí kòtò, kíákíá ló ń bẹ́.

Ẹ wá ṣí bọ́ọ̀tù. Ẹ fọwọ́ tẹ sípíà táyà, kí ẹ sì fi sípánà tí ẹ bá níbẹ̀ kan nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò wò. Sípánà mọ́tò mìíràn ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kì í sì í wọlé sórí nọ́ọ̀tì. Jáàkì ńkọ́? Sí kọ́ṣọ̀n (àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sẹ́yìn mọ́tò tó bá bàjẹ́) àti agolo apaná ńkọ́? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á béèrè wọn.

Ní ti àdéhùn, ọ̀rọ̀ "ọjọ́ kan" ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wákàtí méjìlá ni. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mẹ́rìnlélógún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago tí mọ́tò jáde, aago tí yóò padà, iye owó wákàtí kan bí ẹ bá pẹ́, ẹni tí yóò ra epo, ẹni tí yóò sanwó bí táyà bá jò, àti oúnjẹ dírẹ́bà. Ẹ fi fóònù ya fídíò yí mọ́tò ká, kí ẹ ya géèjì epo àti nọ́ńbà máìlì pẹ̀lú, lójú ẹni tó ni ín.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Adó, ó gba Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ, kó tó yà sí Èrìnjíyàn. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kò ní kí ó lọ yípo ní Adó. Kó gba ọ̀nà Iléṣà dé Ìgbàrà-Òkè, kó yà sí Ìgbàrà-Odò, Ìkógòsì ló kàn. Òkè ló yí ibẹ̀ ká. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀, ẹ fi jíà sí 2 tàbí L kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn. Bíréèkì tó bá ti gbóná jù kì í mú mọ́; bí ẹ bá gbọ́ òórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jó, ẹ dúró níbi tó tẹ́jú kó tutù, ẹ má bu omi sí i.

Ẹ gbìyànjú láti débẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì ìjọ àti ti ilé ìwé ló ń kún ibẹ̀ tó bá yá. Ẹ fi ẹ̀yìn wọlé, kí imú mọ́tò kọjú sí ọ̀nà àbájáde, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ níwájú gíláàsì. Àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ ì bá ṣe wá lóore bí wọ́n bá fi okùn pààlà fún bọ́ọ̀sì àti mọ́tò kékeré ní ọjọ́ ọdún. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó dábùú lè dá ogún mọ́tò dúró.

Bí ẹ bá ń lọ síbi omi, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sápò ṣòkòtò. Omi gbígbóná àti èyí tó tutù ló ń pàdé níbẹ̀. Ibi ìpàdé yìí ni gbogbo ènìyàn ti ń tẹ ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ni rìmóòtù mọ́tò ti ń bọ́ sómi. Bó bá ti mumi, mọ́tò tó ń lo bọ́tìnnì lè má dá a mọ̀ mọ́, owó kọ́kọ́rọ́ tuntun sì lè ju owó háyà lọ. Ẹ mú ọ̀rá ńlá àti táwẹ́ẹ̀lì dání láti tẹ́ sórí àga. Wọ́n ń yọ owó àga tó tutù kúrò nínú owó ìdúró tí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Iyán dára, ṣùgbọ́n ẹ má fún dírẹ́bà jẹ lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wá ní kó máa wà yín lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, kí ẹ sì gbéra ní aago mẹ́rin, kí ilẹ̀ tó ṣú bá yín lórí òkè. Bí ẹ bá dá mọ́tò padà, ẹ tún ya géèjì epo kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan,
Arámọkọ-Èkìtì