Òyìnbó náà gbé omi orí òkè lárugẹ o

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní àwa aláwọ̀ dúdú nìkan la máa ń ru kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí omi tó ń sun lórí òkè pé a fẹ́ fi wo àìsàn, pé òyìnbó ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò láéláé. Háà! Kí wọ́n wọ rélùwéè wá sí Great Malvern jàre, ní Worcestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí tí mò ń gbé, torí irú omi bẹ́ẹ̀ gan-an ló sọ ìlú yìí di ìlú.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Àwọn òkè yẹn tò lọ tó bíi máìlì 8, èyí tó ga jù, Worcestershire Beacon, ga tó mítà 425, àwọn ilé sì lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé téèyàn bá ti jáde nílé, àfi kó máa gòkè tàbí kó máa sọ̀ kalẹ̀. Láti àárín ìlú lọ sídìí omi St Ann's Well, àtẹ̀gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní 99 Steps, ẹ máa gùn ún tán, ẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ò sì tíì débẹ̀ o!

Omi ọ̀hún gan-an wá ńkọ́? Ní 1756 dókítà John Wall kọ̀wé lé e lórí lẹ́yìn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó rí ò ju pé omi náà mọ́ gaara, kò fẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òkìkí omi Malvern ni pé kò ní nǹkan kan nínú rárá. Òkúta òkè yẹn ló le koko, òjò kàn ń gba ibi tó sán lára òkúta wọlé ni, kò rí nǹkan yọ́ mọ́ra. Ìlú Bath ń fi omi gbígbóná àti ohun tó wà nínú ẹ̀ yangàn, Malvern ń ta omi tí ò ní nǹkan kan, ó sì tà wàràwàrà.

Àwọn tó tà á jù ni dókítà méjì tó dé síbẹ̀ ní 1842, James Wilson àti James Manby Gully. Wilson ti lọ sí Gräfenberg lọ́dọ̀ Vincent Priessnitz tó ń fi omi tútù wo èèyàn, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á jí aláìsàn ní ìdájí, wọ́n á fi aṣọ ìbusùn tí wọ́n ti rì sínú omi tútù wé e bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ, wọ́n á kó búláńkẹ́ẹ̀tì lé e, á wà níbẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi móoru, wọ́n á tún wá da omi tútù lé e lára, á wọṣọ, ó di orí òkè, kó lọ mu omi. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá gbé e, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà tó lè háyà. Kò sí ọtí, kò sí oúnjẹ ọlọ́ràá. Florence Nightingale nọ́ọ̀sì wá, Tennyson akéwì wá, Charles Darwin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà kó ìyàwó àtọmọ wá ní 1849, wọ́n lò tó oṣù mélòó kan, ara ẹ̀ yá débi pé nígbà tó délé ó ṣe ibi tí omi tútù á ti máa dà lé e lórí sí àgbàlá ẹ̀. Darwin kan náà o, tí ò sẹ́ni tó máa pè é ní púrúǹtù!

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe omi ló wò wọ́n. Mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, ni ọ̀pọ̀ dókítà ayé ìgbà yẹn ń fún aláìsàn mu, wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, torí náà ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí ò mutí, tó ń rìn lórí òkè, tó ń tètè sùn, kò sí bí ara ẹ̀ ò ṣe ní yá, kódà kó jẹ́ omi ẹ̀rọ ló ń mu. Àmọ́ ìgbà tí àìsàn gidi dé ńkọ́? Darwin gbé Annie ọmọ ẹ̀ wá bá Gully ní 1851, ọmọ náà sì kú ní April 23, ọmọ ọdún 10. Ìyàwó ẹ̀ wà nínú oyún nílé, ó ní láti padà lọ bá a, kò lè dúró sìnkú ọmọ. Sàréè Annie ṣì wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Priory láàárín ìlú, òkúta kékeré kan ni, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ sí i, wọ́n sì kọ ọ́ pé ọmọ ọ̀wọ́n ni, ọmọ dáadáa. Èmi ò lè dúró níbẹ̀ pẹ́.

Gully ní tiẹ̀, orúkọ ẹ̀ bàjẹ́ ní 1876 nígbà tí wọ́n ń wádìí ikú Charles Bravo, ọkọ obìnrin tóun àti ẹ̀ ti ń fẹ́ra tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n fún ní májèlé jẹ ní London. Wọn ò rí ẹni tó ṣe é mú títí dòní. Ìyẹn gùn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Nígbà tí ìwòsàn olómi tútù ò tà mọ́, iléèwé ló gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀tẹ́ẹ̀lì ńlá yẹn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, ìjọba kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣe ráda, ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí ọkọ̀ òfuurufú láti ọ̀nà jíjìn, wá síbẹ̀. Kódà Haile Selassie ọba Ẹtiópíà dé Malvern nígbà tí àwọn ará Ítálì lé e kúrò nílé, ẹ ò rí i pé ìlú yẹn ti rí nǹkan. Iléeṣẹ́ Schweppes ti ń rọ omi ẹ̀ sínú ìgò tà láti nǹkan bíi 1850, ìgbà tó yá iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Coca-Cola, àwọn ló ti ilé iṣẹ́ tó wà ní Colwall, abúlé kan nítòsí, pa ní 2010.

Ohun tó wú mi lórí jù nìyí. Páìpù kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní West Malvern, Hay Slad ni wọ́n ń pè é, omi ń tú jáde níbẹ̀ tọ̀sántòru. Àwọn èèyàn á páàkì mọ́tò, wọ́n á ṣí bùútù, wọ́n á to kẹ́ẹ̀gì àti ìgò kalẹ̀, ẹni tó dé gbẹ̀yìn á dúró de ẹni tó ṣáájú, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó tutù débi pé ó ń ta èèyàn léyín. Lóṣù May lọ́dọọdún, wọ́n máa ń fi òdòdó àti àwòrán ṣe àwọn ojú omi wọ̀nyí lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn òyìnbó tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ní wọn ò jẹ́ dán an wò náà nìyẹn.

Òkè tí omi yẹn ti ń sun ní òfin tiẹ̀ láti 1884. Àwọn kan ń fi ọgbà gba ilẹ̀ gbogboogbò níbẹ̀ mọ́ tiwọn, ni wọ́n bá ṣòfin, wọ́n yan àwọn tí á máa mójú tó o. Kò kúkú rọrùn, torí ó di àwọn ọdún 1970 kí wọ́n tó dáwọ́ fífọ́ òkúta lára ẹ̀ dúró, àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí, Olóòtú. Ẹ rán oníròyìn yín lọ sí Ikogosi l'Ékìtì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, kó má béèrè owó ẹnu géètì nìkan, kó béèrè òfin tó ń dáàbò bo òkè tí omi yẹn ti ń sun wá àti ẹni tó ń mójú tó o, kẹ́ ẹ sì gbé ìdáhùn wọn jáde fún wa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Worcestershire