Lẹ́tà sí Káyọ̀dé lórí oògùn Bàbá

Ìbàdàn

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Mo yà kí Bàbá ní Sátidé. Ara wọn yá, wọ́n sì ṣe àdúrà fún ọ títí. Àmọ́ ohun tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn. Àkàrà àti ẹ̀kọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán tí wọ́n da hóró abiraterone mẹ́rin, oògùn jẹjẹrẹ wọn, sẹ́nu. Wọ́n ní oògùn tó le tó báyìí, àgbà kì í lò ó sí inú òfìfo.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ, kó o lè bá mi bá wọn sọ ọ́. Tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́.

Testosterone, hòmóònù ọkùnrin, ni jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) fi ń dàgbà. Abiraterone ló ń dí ènsáìmù tí ara fi ń ṣe é lọ́wọ́. London tó o wà yẹn náà ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀ láwọn ọdún 1990, ní Institute of Cancer Research. Oògùn ọ̀hún kò bá omi rẹ́ rárá. Béèyàn bá gbé e mì bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló ń dénú ẹ̀jẹ̀. Ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì bá so èròjà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní acetate mọ́ ọn lára. Fi wé ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín: tó bá ti wọlé, ara á tú ewé sọnù, oògùn gan-an á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọgbọ́n ńlá ni, Káyọ̀dé, àmọ́ kò parí ìṣòro náà. Ó ṣì ṣòro fún un láti yòrò nínú omi, ìdí nìyẹn tó fi tó 1000 mílígíráàmù lójúmọ́. Ọ̀rá ló ń bá a yòrò. Nígbà tí wọ́n dán an wò, oúnjẹ ọlọ́ràá sọ iye tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po 10. Lọ́jọ́ àkàrà, ó pọ̀ jù. Lọ́jọ́ ògì lásán, ó tún yàtọ̀. Kí wákàtí méjì kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n sì dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun.

Prednisolone tí wọ́n fi kún un ńkọ́? Bàbá ní òun fẹ́ dá a dúró. Háà, rárá o! Dídí tí abiraterone ń dí ènsáìmù yẹn lọ́wọ́ máa ń da iyọ̀ ara rú: ẹ̀jẹ̀ á ru, potassium á dínkù, ẹsẹ̀ á wú. Prednisolone ló ń tẹ ìyẹn rì.

Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú abiraterone kan tí wọ́n lọ kúnná gan-an. 500 mílígíráàmù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ 1000, kò sì ka oúnjẹ sí. Mo ti béèrè rẹ̀ káàkiri níbí, n kò rí i.

Jọ̀ọ́, bá mi wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Kó o sì máa pè wọ́n láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n ti lo oògùn kí alákàrà tó gbé epo kaná.

Èmi ni,
Adébáyọ̀ rẹ