Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ hun fìlà ọmọ rẹ̀

Àníkẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ara ńkọ́? Oyún ńkọ́? Olúwa á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Inú mi dùn gan-an pé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ hun fìlà tí ọmọ yìí máa kọ́kọ́ dé. Mo mọ̀ pé fìlà ọmọ kún inú ṣọ́ọ̀bù ní Manchester níbẹ̀, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá hun ún fúnra rẹ̀ ló mọ irú òwú tó wà nínú rẹ̀, ló sì mọ̀ pé kò sí bọ́tìnì kankan lára rẹ̀ tó lè já sọ́mọ lẹ́nu. Má dá ẹni tó bá ní o ń fàkókò ṣòfò lóhùn.

Òwú onírun gàgàrà tí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ yẹn rẹwà lóòótọ́, àmọ́ fi í pa mọ́ fún ìborùn tìrẹ. Irun rẹ̀ á máa bọ́, ọmọ á sì máa gbé e mì. Wá èyí tó dán. Fi ra ọrùn rẹ lábẹ́ etí. Bó bá yún ọ níbẹ̀, á yún ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́tìnì kì í yún èèyàn, ṣùgbọ́n kì í fà púpọ̀. Àkírílíkì fúyẹ́, ó sì ṣeé fọ̀ nínú ẹ̀rọ, kìkì pé o ò gbọdọ̀ fi áyọ́ọ̀nù kàn án, yíyọ́ ló máa yọ́. Bí wọ́n bá kọ DK sára òwú náà, ìyẹn òwú tí kò nípọn jù, tí kò sì tín-ín-rín jù, abẹ́rẹ́ kíróṣè 4 mm, èyí tó ní ìkọ́ lẹ́nu, á bá a mu.

Má wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sínú àpẹẹrẹ tí o ń tẹ̀lé, orí ọmọ ni kí o máa rò. Bí wọ́n bá fi tépù wọn orí ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, láti iwájú orí gba òkè etí lọ sí ìpàkọ́, kó sì yí padà síwájú, ó sábà máa ń tó nǹkan bí 35 sẹ̀ǹtímítà. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì tóbi sí i lóṣooṣù. Fìlà tó bá a mu wẹ́kú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ lè má wọlé mọ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ní tìrẹ, hun ún kó kéré sí orí díẹ̀ kó lè dúró: orí 35, fìlà 33. Pín 33 yẹn sí 3.14, wàá rí bíi 10.5. Bí òkè fìlà ṣe máa fẹ̀ tó nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yí òwú po ìka rẹ kó di òrùka, kí o sì ṣe ojú mẹ́fà sínú rẹ̀. Ojú tó kúrú ni mò ń wí: ki abẹ́rẹ́ bọ ojú, fẹnu rẹ̀ kọ́ òwú wá, kókó méjì á wà lórí abẹ́rẹ́, tún òwú kọ́, fà á la méjèèjì já. Àwọn tó o wà láàárín wọn níbẹ̀ ń pè é ní double crochet, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní single crochet. Wádìí ibi tí àpẹẹrẹ rẹ ti wá, torí double crochet ti Amẹ́ríkà ga ju èyí lọ dáadáa.

Fa ìdí òwú kí òrùka náà dì pátápátá. Ní ìyípo kejì, fi ojú méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan kó di 12. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́fà mẹ́fà ni kó máa lé sí i: 18, 24, 30. So òwú àwọ̀ mìíràn mọ́ ojú àkọ́kọ́ ìyípo kọ̀ọ̀kan kí o má bàa ṣì í kà. Kí o sì máa gbé iṣẹ́ náà lé orí tábìlì wò. Bí etí rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, ojú ti pọ̀ jù. Bó bá ti ń tẹ̀ kòtò bí igbá kó tó fẹ̀ tó, ojú ti kéré. Má sì fi ojú kún un ní ọ̀gangan kan náà nígbà gbogbo, igun mẹ́fà ló máa yọ. Sún un síwájú díẹ̀ bí ìyípo ṣe ń gorí ìyípo.

Bó bá ti fẹ̀ tó 10.5, má fi ojú kankan kún un mọ́. Ojú kan sínú ojú kan, yípo, yípo. Apá ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ti mọ̀nà, o lè máa bá ọkọ rẹ tàkúrọ̀sọ, iṣẹ́ ò ní dúró. Láti àárín òkè dé etí fìlà, jẹ́ kó tó bí 14 sẹ̀ǹtímítà, kí o wá fi mẹ́ta lé e tí wàá máa ká sókè. Bí orí bá ṣe ń dàgbà, o ó máa tú u wálẹ̀.

Fi òwú tó tó 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ kí o tó gé e, kí o sì fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá ràn án wọ inú iṣẹ́, lọ, bọ̀, lọ. Òwú tó bá tú sílẹ̀ nínú lè wé mọ́ ìka ọmọ, kó má jẹ́ kẹ́jẹ̀ kọjá. Má fi okùn sí i lábẹ́ àgbọ̀n, má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ló kù. Màmá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ fún ọ, o sì mọ̀ pé nílé wa, wọn kì í fi àwùjẹ̀ ọmọ ṣeré. Tọ̀sán tòru ni wọ́n máa fẹ́ kí fìlà wà lórí rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé tutù, orí rẹ̀ sì tóbi bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, ooru púpọ̀ sì ń gba ibẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé fìlà fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé tí wọ́n bá so ó mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bogotá, ní Kòlóḿbíà, lọ́dún 1978. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti délé, tó ń sùn nínú yàrá tó móoru, orí yẹn kan náà ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí a bá bò ó, ara rẹ̀ á gbóná jù, ooru àpọ̀jù sì wà lára ohun tó ń fa ewu ikú òjijì lójú oorun. Fìlà náà tún lè yọ̀ wálẹ̀ bo imú rẹ̀. Àwọn The Lullaby Trust níbẹ̀, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń kọ́ni bí ọmọ ṣe lè sùn láìséwu, ní ká ṣí i gbàrà tí ọmọ bá wọlé, kí yàrá tó ń sùn wà láàárín 16 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2022: lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí fìlà nínú ilé.

Má bá Màmá jiyàn, jọ̀wọ́. Kúnlẹ̀, kí o ní, “Màmá, ẹ bá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ yín.” Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ o, ìyẹn sábà máa ń tutù. Ọwọ́ wọn á sọ fún wọn pé ó ti gbóná. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé ọmọ jáde sínú òtútù, jẹ́ kí àwọn fúnra wọn dé fìlà náà fún un.

Bẹ̀rẹ̀ èkejì tí o bá parí àkọ́kọ́, fún orí 40. Òkè rẹ̀ á fẹ̀ tó bíi 12 sẹ̀ǹtímítà. Kí o sì ya fọ́tò òkè ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó dáwọ́ fífi ojú kún un dúró. Tẹ́ tépù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n lè rí i.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn.