Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ nípa owó páàkì

Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìrìn. Ṣé dáadáa lo dé Iléṣà? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó o dúró rà fún mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, o ṣeun, o ò ní ṣàárẹ̀. Mo ti gbọ́ gbogbo ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àtèyí tó o ti ń pariwo àtèyí tó o ti ń sunkún. N kò fi ohùn dá ọ lóhùn torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, mo sì fẹ́ kó wà níwájú rẹ lọ́jọ́ tó o bá jókòó láti kọ̀wé sí àwọn èèyàn yẹn. Ìwé ni wàá kọ o. O ò ní padà lọ bá wọn jà ní títì Stéṣàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi rèé. O páàkì síwájú ilé ìtajà oògùn, o wọlé, o jáde, o bá irin tí àwọn tó ń mú ọkọ̀ fi ti táyà rẹ. Wọ́n ní ₦25,000 ni wàá san. O ṣe tíráńsífà, wọ́n tú ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n já rísíìtì fún ọ. Ìgbà tó o délé lo tó rí i pé ₦15,000 ló wà lórí rísíìtì náà, àti pé orúkọ èèyàn ló wà lórí àkáǹtì tó o sanwó sí, kò sí orúkọ ọ́fíìsì kankan níbẹ̀.

Ọ̀tọ̀ tún ni àwọn ẹ̀sùn yòókù tó o kó jọ: pé wọ́n jágbe mọ́ ọ, pé oòrùn ń mú, pé ọkọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn, pé ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ẹ̀pà bó ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀, pé kò sí pátákó tó ní kí èèyàn má páàkì síbẹ̀. (Ti ẹ̀pà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, má bínú.) Àjọkẹ́, nínú iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù tí mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo rí jù ni ẹni tó ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́ tó wá kó ẹ̀sùn wẹ́wẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Adájọ́ á máa gbọ́ ti ẹ̀pà, á gbàgbé ti owó.

Ẹ̀sùn méjì péré ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ti owó ni àkọ́kọ́. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì rẹ ní ₦25,000, rísíìtì ní ₦15,000. ₦10,000 wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Wọn ò lè bá ọ jiyàn lórí ìyẹn: báńkì ló sọ ọ̀kan, ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló kọ èkejì. Ti pátákó ni èkejì, èyí kò sì le tó ti àkọ́kọ́, torí wọ́n lè ní pátákó ti wà níbẹ̀ rí, ìjì ló gbé e lọ, tàbí pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán ọmọ ilé ìsàlẹ̀ lọ ya fọ́tò ibẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ẹnikẹ́ni tó lọ ri pátákó tuntun mọ́lẹ̀. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi, màá fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi ọ́, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ṣé ọkọ̀ rẹ kò dí ọ̀nà? Mo mọ títì yẹn. Àwọn ọlọ́kadà àtàwọn tó ń pàtẹ sétí gọ́tà ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí táyà rẹ bá wọ ojú títì, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú lẹ́tà, kí wọ́n tó fi dá ọ lóhùn. Ẹni tó páàkì láìtọ́ jẹ owó ìtanràn tí òfin kọ sílẹ̀. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó tí kò sí lórí rísíìtì.

Má sì kọ ọ́ pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó kankan. Mo gbọ́ tó o sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú náà ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1998 tó to àwọn owó tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà ka owó ìtanràn páàkì aláìtọ́ mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó o lè béèrè ni pé: òfin wo, abala wo, iye wo? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 36, ní a kò lè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin àkọsílẹ̀ kò dárúkọ, tí kò sì sọ ìyà tó tọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé ₦5,000 ni òfin ìbílẹ̀ náà kọ, a jẹ́ pé ₦15,000 orí rísíìtì gan-an ti di ẹjọ́. Wọ́n lè sọ fún ọ pé ìwé òfin náà kò sí nítòsí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ láṣẹ láti béèrè ẹ̀dà rẹ̀, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti parí ìjiyàn yẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025: ó kan gbogbo wọn.

Kó o tó kọ orúkọ ẹni tó o ń kọ̀wé sí, yẹ orí rísíìtì náà wò dáadáa. Òṣogbo tí à ń wò bí ìlú kan yìí, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, Òṣogbo àti Ọlọ́rundá. Ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó bá lọ sí ọ́fíìsì tí kò ni ọ̀rọ̀, inú fáìlì ló ń kú sí. Bí rísíìtì náà kò bá wá ní orúkọ ọ́fíìsì, tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní òǹtẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìjọba kankan ò rán wọn níṣẹ́. Ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ páàkì, ó di ti àgọ́ ọlọ́pàá.

Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, o mọ bí àwọn ọ́fíìsì wa ṣe rí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá kó má baà gùn. Ohun tó yẹ kó sọ nìyí: “Lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín fi irin ti ọkọ̀ mi ní títì Stéṣàn, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Mo san ₦25,000 sí àkáǹtì tí wọ́n fún mi. ₦15,000 ló wà lórí rísíìtì tí wọ́n já fún mi. Ẹ̀dà méjèèjì wà pẹ̀lú ìwé yìí.” Lẹ́yìn náà, sọ ohun tó o fẹ́: kí wọ́n dá ₦10,000 padà, kí wọ́n fi òfin hàn ọ́, kí wọ́n tún ìtanràn náà yẹ̀ wò nítorí pé kò sí pátákó. Má kọ “olè” síbẹ̀. Má kọ “jìbìtì”. Ẹni tó máa ka lẹ́tà náà lè jẹ́ ọ̀gá tí kò mọ ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe níta, ìwọ lo sì fẹ́ kó gbè lẹ́yìn.

Tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Gbé e lọ fúnra rẹ, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí akọ̀wé bá ní “Ẹ fi sílẹ̀, a máa gbé e fún ọ̀gá,” rẹ́rìn-ín sí i, má kúrò níbẹ̀. Rísíìtì gidi náà kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ, fọ́tókópì ni tiwọn.

Bí wọn ò bá dáhùn, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí àwọn ọ́fíìsì ìjọba, Public Complaints Commission ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tọ́ràn kàn, ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ yẹn ti máa wúlò. Wọn kì í sì í gba ẹ̀sùn tó bá ti lé ní oṣù méjìlá. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí oṣù méjìlá yẹn tàn ọ́. Bó bá di pé kó o pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bò wọ́n fún ọ, mo sì ti rí ẹjọ́ tó dáa tó kú nítorí pé ẹni tó ni ín ń retí èsì lẹ́tà. Èmi ò fẹ́ kó dé kóòtù o. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, owó lọ́yà nìkan sì ju owó tí à ń wá lọ. Síbẹ̀, kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Àbúrò bàbá rẹ tó wà ní sẹkitéríàtì, má pè é. Mo mọ̀ pé ìpè kan ṣoṣo ló máa gbà, wọ́n á dá owó rẹ padà, wọ́n á tún tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á lọ gba owó náà lára ìyá alágbo kan tí kò ní àbúrò ọkọ níbì kankan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, o ò mọ ohun tó máa ní kó o fi san oore náà padà. Àbúrò ọkọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Manchester sì ti ń ròyìn tiwọn fún ọ. Òótọ́ ló sọ. Lọ́hùn-ún, bó o bá san owó ìtanràn páàkì ti káńsù láàárín ọjọ́ 14, ìdajì lo máa san. Bó o bá ní kò tọ́ sí ọ, tí wọ́n sì kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ tí o kọ sí wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á sílẹ̀, o ní ọjọ́ 28 láti gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ tí kò sí lábẹ́ káńsù, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dùn ún gbọ́. Kó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ wa kọ́, kó bá ọ ka lẹ́tà rẹ.

Fọ́tò àwọn ọkùnrin yẹn tó o yà, tọ́jú rẹ̀, má gbé e sí Facebook. Bó bá ti jáde síta, ìtìjú ò ní jẹ́ kí ọ̀gá wọn tún un ṣe mọ́, ńṣe ló máa gbèjà wọn.

Kọ ọ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ wò ó kó o tó tẹ̀ ẹ́. Bó o bá ráyè wá lọ́jọ́ Ajé, àwa méjèèjì la máa gbé e lọ. Fi ọkọ̀ rẹ sílẹ̀ nínú ọgbà wa, a máa wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

Ìyá rẹ.