Lẹ́tà sí àbúrò mi tí òtútù Lọ́ńdọ̀nù sé mọ́lé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní yàrá ti sú ọ, pé ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago mẹ́rin tó lù. Gbé kámẹ́rà rẹ, kí o jáde lọ́sàn-án. Ní Ìbàdàn, oòrùn ọ̀sán ga jù, òjìji ni í bo ojú èèyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ayafọ́tò fi ń dúró de ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ yín lóṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan kì í ga ju nǹkan bí digírì 15 lọ. Bí ìkùukùu ò bá bò ó, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lẹ ń rí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Richmond Park ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ọba Charles Kìíní ló sọ ọgbà náà di ibi ìṣọdẹ ní 1637; àgbọ̀nrín ibẹ̀ lé ní 600. Fi mítà 50 sílẹ̀, ó kéré tán, má sì fún wọn lóúnjẹ. Bẹ̀rẹ̀ kí kámẹ́rà bá ojú wọn dọ́gba. Àwọn igi ti wọ́wé, nítorí náà ẹyẹ ò ríbi sá pamọ́ sí. Èyí tó láwọ̀ ewé, tó ń pariwo yẹn, ìbátan ayékòótọ́ ni. Bí ó bá ń fò, fi iyára tí kámẹ́rà fi ń ya fọ́tò sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ á ṣe bàìbàì.

Yìnyín máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Ó máa rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, yìnyín á wá rí bí eérú. Bọ́tìnì +/− ni kí o fi gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, +1 tàbí +1.5. Lórí fóònù, tẹ ojú àwòrán, kí o fa àmì oòrùn sókè. Ìrì dídì tó wà lára ewé ní tiẹ̀ ò fẹ́ ìjáfara: dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kàn án, má sì mí lù ú, èémí rẹ á yọ́ ọ.

Òtútù máa ń pa agbára bátìrì. Fi bátìrì kejì sínú àpò inú jákẹ́ẹ̀tì, kí ara rẹ máa mú un gbóná. Èyí tó kú, mú un gbóná bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń jí díẹ̀.

Àtiwọlé ló ń ba kámẹ́rà jẹ́ jù. Bí kámẹ́rà tútù bá ṣe kan atẹ́gùn ilé tó gbóná, omi á sẹ̀ sí i lára, ó sì lè wọ inú lẹ́ǹsì. Ìta ni kí o ti kì í sínú ọ̀rá, dì í pa, kí o fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì. Omi náà á wà lára ọ̀rá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ káàdì rẹ̀, kí o lè máa wo fọ́tò bí o ṣe ń mu tíì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ