Ìmọ̀ràn Bàbá fún Àdùnní Lórí Másítàs Iṣẹ́ Ilé Yíyà

Gwarinpa, Àbújá

Àdùnní ọmọ mi,

Mo ti wo àwọn ilé-ìwé tí o kọ ránṣẹ́. Òkìkí ni o fi tò wọ́n. Jọ̀wọ́, tún wọn tò, kí o sì fi ìbéèrè kan ṣe òṣùwọ̀n: ìlú wo ni o fẹ́ kí òfin ti fún ọ láṣẹ láti buwọ́ lu pílánì?

B.Sc. ọlọ́dún mẹ́rin tí o gbà ní Zaria nìkan kò tó lójú ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Másítàs ló kàn, lẹ́yìn náà iṣẹ́ lábẹ́ ayàwòrán ilé tó ti forúkọ sílẹ̀, kí o tó jókòó ṣe ìdánwò wọn. Ọdún méjì ni másítàs tiwa nílé ń gbà, iṣẹ́ studio (yíya ilé fúnra ẹni lábẹ́ olùkọ́) ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ilé-ìwé òkè òkun bá ní oṣù méjìlá ni òun fi ń ṣe tòun tán, fura. Kọ̀wé sí ARCON, fi àkójọ àwọn kọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ sí wọn, kí o sì gba èsì lákọsílẹ̀ kí o tó san kọ́bọ̀.

UK ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. M.A. tàbí M.Sc. ọlọ́dún kan níbẹ̀ lè kọ́ ọ ní nǹkan gidi, ṣùgbọ́n kì í ṣe Part 2, ìyẹn ìpele kejì nínú mẹ́ta tí ayàwòrán ilé ibẹ̀ ń là kọjá kí ó tó forúkọ sílẹ̀. M.Arch. (másítàs iṣẹ́ ilé yíyà) ọlọ́dún méjì ló sábà ń jẹ́ Part 2, síbẹ̀ àwọn ilé-ìwé kan ń pe kọ́ọ̀sì ọlọ́dún kan ní M.Arch. tí kò sì sí lára Part 2 rárá. Orúkọ ò tó nǹkan. Wá kọ́ọ̀sì náà gan-an nínú àkọsílẹ̀ ARB, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní UK. Ìwé-ẹ̀rí Zaria kì í sì í dúró fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Part 1 (ìpele kìíní) lọ́dọ̀ wọn. ARB ń yí ìlànà wọn padà lásìkò yìí, nítorí náà àwọn gan-an ni kí o bi, má bi ọ̀rẹ́. Ní ti físà, owó gbọ́dọ̀ pé nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Bí ó bá dín lọ́jọ́ kan péré, wọ́n lè torí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì tèmi la lò, wọn á béèrè ìwé ìbí rẹ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ mi.

Amẹ́ríkà: M.Arch. tí NAAB (àjọ tó ń yẹ kọ́ọ̀sì iṣẹ́ ilé yíyà wò níbẹ̀) fọwọ́ sí ni kí o wá. Ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò ka iṣẹ́ wa rí sábà ń lò. Ìwọ lè lo méjì, bí wọ́n bá ka studio tí o ti ṣe sí. Bi wọ́n kí o tó gbà, torí ọdún kan tó lé yẹn, owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ ni. Wo ohun tí ẹ́ḿbásì ń sọ nípa físà fún ọmọ Nàìjíríà kí o tó san owó fọ́ọ̀mù.

Wọ́n ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni Jámánì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, níbi tí Stuttgart wà, ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù. Àkáǹtì títìpa tún wà: 11,904 yúrò fún ọdún kan, tí wọ́n ń tú 992 sílẹ̀ fún ọ lóṣooṣù. Owó rẹ ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà kí físà tó jáde. Èdè Jámánì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ másítàs iṣẹ́ wa.

Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn mi fà sí fún ọ, nítorí o ní amọ̀ ni o fẹ́ fi kọ́lé. Francis Kéré, ayàwòrán ilé ọmọ Burkina Faso, kàwé ní yunifásítì TU Berlin, ó kọ́ ilé-ìwé Gando ní abúlé rẹ̀ lọ́dún 2001 pẹ̀lú bíríkì amọ̀ tí a pò mọ́ símẹ́ǹtì, ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022. CRAterre, ibi ìwádìí ilé alámọ̀ ní Grenoble ní Faransé, náà dára gan-an, ṣùgbọ́n DSA (ìwé-ẹ̀rí àkànṣe) wọn lórí ilé alámọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ti parí ẹ̀kọ́ ayàwòrán ilé. Má fi í rọ́pò másítàs.

Portfolio rẹ (ìwé àkójọ iṣẹ́ rẹ), àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń dán ló kún inú rẹ̀. Dín in kù. Iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó, láàárín ojú ewé 20 sí 30. Kí pílánì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àti àmì àríwá, kí section rẹ̀ (àwòrán ilé bí ẹni pé a là á sí méjì) sì fi hàn bí ilé náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àbújá wà ní nǹkan bí dígírì 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà láti àárín oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ẹni tí ń ka portfolio ní Berlin kò ní mọ ìdí tí o fi ṣe ìbòji sí fèrèsé àríwá àyàfi bí o bá yà á fún un. Ya ibi tí eruku ọyẹ́ ń gbà wọlé náà. Ya bí tubali (bíríkì amọ̀ àwọn Hausa) àti azara (igi àjà wọn) ṣe gbé òrùlé ró ní Zaria, torí pé ìwọ lo ní èyí, wọn ò ní in. Níbi tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ pọ̀, kọ ohun tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe.

Transcript (ìwé máàkì rẹ láti Zaria) ń pẹ́ jù. San owó rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó di oṣù kejìlá tí púpọ̀ nínú fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ sí í parí.

Kọ̀wé sí ARCON lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá ti mọ ìlú tí o mú, pè mí, kí n lè mọ̀ bóyá pọ́n-ùn tàbí yúrò ni kí n máa rà pamọ́. Ìyá rẹ kí ọ.

Bàbá rẹ