Ìwé tí a sanwó rẹ̀ tán, ta ló ni ín?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sójú ìwé yín, nítorí ó ń dun àwa tí a ń ra ìwé orí fóònù.

Ẹni tó bá ta ìwé fún mi ní Àgbẹ̀ni kì í tẹ̀ lé mi dé ilé ní Mọ́kọ́lá. Àwọn ìwé tí bàbá mi rà kí wọ́n tó bí mi ṣì wà nínú àpótí; mo ti kà wọ́n, àwọn ọmọ mi náà sì ń kà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pààrọ̀ fóònù lọ́dún tó kọjá, ìwé méjì tí mo ti sanwó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀, wọn kò ṣí mọ́. Ẹni tó tà wọ́n fún mi dáhùn pé àṣẹ àtikà ni mo gbà, pé n kò ra ìwé. Bẹ́ẹ̀, "rà" ni wọ́n kọ síbi tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ náà!

Ní 2009, Amazon, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, pa ìwé méjì tí George Orwell kọ rẹ́ lórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí ẹni tó gbé wọn sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Ní 2019, Microsoft ti ìsọ̀ ìwé rẹ̀ pa, gbogbo ìwé tí àwọn ènìyàn rà níbẹ̀ sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó dá owó padà, ó tún fi dọ́là 25 lé e fún ẹni tó ti kọ àkíyèsí sí inú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò tí ènìyàn kọ sétí ìwé kì í ṣe ohun tí owó ń rọ́pò.

N kò sọ pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ olè; nítorí olè ni wọ́n ṣe ń fi àgádágodo orí ẹ̀rọ sínú ìwé, kí ó má baà ṣí fún ẹni tí kò gba àṣẹ. Ojú àwọn ilé ìtẹ̀wé Jẹ́ríkò ti rí màbo lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé oníwé tà. Àmọ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí ìjọba àpapọ̀ bu ọwọ́ lù ní 2023 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti já irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì sanwó ló wá há sóde.

Láti oṣù kìn-ín-ní 2025, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà kò gbà kí òǹtajà pe irú èyí ní títà láìjẹ́ pé ó là á yé oníbàárà pé àṣẹ lásán ni. Mo bẹ àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ wa kí ó pàṣẹ bákan náà. Mo sì bẹ àwọn òǹtẹ̀wé Ìbàdàn, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá ra ìwé wọn lè tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.